Kíbọ́ọ̀dù Tí Mo Gbé Lọ sí Kétu, Tí Mo sì Tún Gbé Bọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ rí mi ní ìdíkọ̀ l'Ábẹ́òkúta nígbà tí mo ń lọ, tí ẹ tún rí mi nígbà tí mo dé, ẹ ti fi ìbéèrè kan ṣoṣo da mí láàmú: kí ló dé tí mo gbé kíbọ́ọ̀dù lọ sí Kétu tí mo sì tún gbé kíbọ́ọ̀dù kan náà bọ̀? Àwọn kan ní ẹni tí mo gbé e lọ fún ló kọ̀ ọ́. Àwọn kan ní aṣọ́bodè ló lé mi padà. Ẹ jókòó, kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹnu lè sinmi.

Ẹ mọ̀ pé orin ni mo ń ṣe nílé. Inú yàrá tí mo ń sùn ni kọ̀ǹpútà mi wà, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe orin fún ìjọ, fún ìsọmọlórúkọ àti fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti wá. Nítorí èyí, àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé irú kíbọ́ọ̀dù Mídì wo ni kí àwọn rà. Kíá ni mo máa ń dá wọn lóhùn, torí mo gbà pé mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Àntóàn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù láti Kétu pé kí n bá òun yan ọ̀kan tí òun yóò máa so mọ́ kọ̀ǹpútà òun láti fi ṣe orin nílé, mo ti yàn án kí ohùn náà tó parí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bọ̀ọ̀dá Àntóàn. Olùkọ́ ni, òun ló sì ń darí akọrin ìjọ wọn, tó tún ń tẹ dùùrù fún wọn láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Nígbà tí a sin ìyá mi, òun ló tẹ dùùrù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń sáré lórí rẹ̀ débi pé mo gbàgbé ẹkún tí mo ń sun. Ọwọ́ yẹn ni mo ń rò nígbà tí mo yan kíbọ́ọ̀dù tó gùn jù nínú ṣọ́ọ̀bù, tí eyín rẹ̀, ìyẹn ibi tí à ń tẹ̀, wúwo bíi ti pianó gidi. Ó ti sọ fún mi pé àìsàn kan ṣe òun lọ́dún tó kọjá ṣùgbọ́n ara ti yá. Ó ní dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló bàjẹ́, eku ti jẹ awọ inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo gbà á gbọ́.

Ìbodè

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ sí Ìlárá kò nílò àlàyé. Púpọ̀ nínú yín ti gba ibẹ̀ rí, ìdí sì ti ro yín. Ohun tí n kò retí ni aṣọ́bodè kan tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀ débi pé ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó ní kí n ṣí àpótí. Ó bi mí pé kí nìyí, mo ní dùùrù ni. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ó fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́. Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó sì wò mí lójú.

"Ìyá, àpáréì yìí kò sọ nǹkan kan."

Mo ṣàlàyé fún un pé ẹ̀rọ náà kò ní ohùn tirẹ̀. Ó kàn ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ibi báyìí ni wọ́n tẹ̀, bí wọ́n sì ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó nìyí, kọ̀ǹpútà ló ń kọrin. Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní Faransé. Ẹnìkejì dá a lóhùn ní Fọ̀n, àwọn méjèèjì sì tún wo àpótí mi. Kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani tó kí ènìyàn dúró láàárín èdè méjì tí kò gbọ́, kí wọ́n sì máa wo ẹrù rẹ̀. Ó hàn sí mi pé ohun tí wọ́n ń rò ni pé nǹkan wà nínú ikùn rẹ̀. Ẹnìkejì wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń tú ẹ̀rọ.

Mo fa láptọ́ọ̀pù yọ nínú báàgì, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo sì fi wáyà dúdú so méjèèjì pọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi, tí kì í pẹ́ ṣí nílé, pẹ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ṣí tán, mo ní kí aṣọ́bodè náà tún un tẹ̀. Dùùrù dún. Ó fa ìka rẹ̀ padà bí ẹni tí nǹkan bù jẹ, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí n tẹ orin ìjọ kan tí òun mọ̀, ó sì kọ ọ́ tẹ̀lé mi dé òpin. Òun fúnra rẹ̀ ló di àpótí náà padà tó sì gbé e sẹ́yìn sémíjàn, ọ̀kadà wọn. Ẹ̀rù yẹn kò tètè kúrò lára mi.

Ilé Ìyá Àgbà

Ní Kétu, ẹnikẹ́ni kì í kí ènìyàn kọjá lọ. Wọn yóò dúró. Wọn yóò béèrè ọ̀nà, ilé, àwọn ọmọ àti àwọn tí o fi sílẹ̀, kí o tó lè béèrè ilé tí ò ń lọ. Ẹni tó fi sémíjàn gbé mi pàdé bàbá kan lójú ọ̀nà, ó dá alùpùpù dúró, ó sì kí i títí tí erùpẹ̀ pupa fi bò mí, èmi àti àpótí mi. Ohùn Yorùbá wọn ṣe mí ní nǹkan. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí inú bá ń bí i ni gbogbo ìlú ń sọ ọ́. Ibi tí mo bá ti la ẹnu ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín pé èmi ń sọ ti Èkó. Mo ní ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Wọ́n ní kò sí ìyàtọ̀.

Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó jẹ́ ìyá Bọ̀ọ̀dá Àntóàn, ló dì mọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti darúgbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò darúgbó. Orúkọ ìyá mi ló fi ń pè mí, Ọmọ Àbẹ̀kẹ́, ó sì ní mo ti gbẹ. Wọ́n gbé àkàsà wá, ìyẹn ẹ̀kọ tí wọ́n pọ́n sínú ewé, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti wàgáṣì, wàrà tí wọ́n dín títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi le. Mo jẹ ẹ́ títí ojú fi tì mí. Bọ̀ọ̀dá Àntóàn jáde wá kí mi. Ó ti rù. Mẹ́tìrì ni gbogbo ilé ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi gba báàgì lọ́wọ́ mi, òsì wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Mo rí i, mo sì rò pé iyì olùkọ́ ni.

Àṣà kan wà ní ilé náà tí ìyá mi ti sọ fún mi rí. Ẹni tí a bá gbé nǹkan wá fún láti ọ̀nà jíjìn, ojú gbogbo ilé ni yóò ti lò ó, kí ọkàn ẹni tó gbé e wá lè balẹ̀. Bí aṣọ ni, yóò ró o lé èyí tó wà lára rẹ̀. Bí bàtà ni, yóò wọ̀ ọ́ rìn yí àgbàlá ká. Nítorí náà, bí mo ṣe ń fọwọ́ ni wọ́n ti gbé àpótí mi sórí àpótí ìjókòó méjì lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́, wọ́n ti ń wọlé. Mẹ́tìrì ti sọ fún wọn pé ọjọ́ tí dùùrù Nàìjíríà bá dé ni òun yóò tún tẹ dùùrù. Ìyá Àgbà fi ọwọ́ bà á, ó gbàdúrà sí i, ó sì ní kí ọmọ òun bọ́ síbẹ̀.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ láti fa láptọ́ọ̀pù yọ nínú báàgì, wáyà dúdú ti wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé orí sókè.

Ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀ọ̀dá Àntóàn ti wà lórí kíbọ́ọ̀dù, gbogbo ìka rẹ̀ ti là. Òsì kò jáde. Lẹ́yìn náà, ọ̀tún padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ tún apá aṣọ ṣe, ó di òsì mú ní ọrùn ọwọ́, ó gbé e sókè, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí eyín kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀, ìka rẹ̀ ká sínú, kò mira. Bọ̀ọ̀dá kò wo ọwọ́ náà. Ojú mi ló ń wò. Ìyàwó rẹ̀, Bẹ́tì, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti fi etí ìró bo ẹnu.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé bí mo bá ki wáyà yẹn bọ̀ ọ́, gbogbo ilé àti gbogbo akọrin yóò gbọ́ ohun tí ọwọ́ yẹn kò lè ṣe. Ó ti dúró fún ọjọ́ yìí, ó ti fọ́nnu nípa rẹ̀, àṣà ilé kò sì ní jẹ́ kó dìde. Mo ká wáyà náà sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì di ọwọ́ mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Ẹ̀rọ yìí kò ní ohùn."

Ìyá Àgbà dìde, ó fi ìka tẹ kíbọ́ọ̀dù náà níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún.

"Ọmọ Àbẹ̀kẹ́," ó ní, "láti Nàìjíríà ni o ti ru pátákó wá bá wa? A ní pátákó ní Kétu."

Ẹ̀rín bú. Ìyá Àgbà kò sì jẹ́ kó tán. Ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n wá tẹ pátákó, kí wọ́n wá gbọ́ bó ṣe ń kọrin. Ẹnì kan ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì l'Ékòó. Ìyá Àgbà ní kí n gbé e wọlé kí ewúrẹ́ má baà sùn lé e. Mo gbé e wọlé. Ẹ̀yin ará ilé, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì lè la ẹnu. Omi bọ́ lójú mi nínú yàrá yẹn.

Lẹ́yìn ilé

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bọ̀ọ̀dá Àntóàn pè mí sẹ́yìn ilé. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Inú ló ń bí i.

"Ta ló ní kí o bò mí?" ó ní. "Ṣé mo rán ọ?"

Mo ní kò rán mi. Mo béèrè pé kí ló dé tí kò sọ fún mi kí n tó kúrò nílé. Ó ní n kò bi òun. Òtítọ́ ni, ó sì dùn mí. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Àìsàn tó ní ó ṣe òun lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ ti padà, ẹnu ti padà, apá òsì ń gbéra díẹ̀ láti èjìká, ṣùgbọ́n ìka kò dáhùn mọ́. Bẹ́tì nìkan ló mọ̀. Bó ṣe dìde nílẹ̀ àìsàn báyìí ni Ìyá Àgbà ti lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jó, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun ti padà bó ṣe wà. Bọ̀ọ̀dá ní òun kò mọ bí òun yóò ṣe wá sọ fún un pé ìdúpẹ́ náà yá jù. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe púpọ̀ nínú orin òde òní, ó sì ní ìrètí pé ẹ̀rọ lè wà tí kò ní béèrè ọwọ́ méjì. Kò mọ bí òun yóò ṣe béèrè rẹ̀ láì dárúkọ ọwọ́.

Mo sọ fún un pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà. Mo sì sọ fún un pé mo rí i nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọjá lára rẹ̀. Bẹ́tì, tó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ife kókó fún wa, ní ọkùnrin kan wà ní Pobè tó ń ṣe orin fún àwọn ìjọ, tó sì ń ta irú nǹkan wọ̀nyí. Ó ní kí a mu kókó náà kíá kí a máa lọ.

Pobè

Ọkùnrin náà ti kàwé lábẹ́ Bọ̀ọ̀dá rí. A kò mọ̀ títí a fi wọlé tó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Mẹ́tìrì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni Bọ̀ọ̀dá fi gbé e dìde, òsì wà nínú àpò. Ọmọkùnrin náà fún wa ní omi, ó béèrè gbogbo ilé, mo sì mú sùúrù, torí mo ti kọ́ pé lápá ibẹ̀, ìwà àlejò tí kò mọ̀wàáhù ni kí ènìyàn dárúkọ ọjà kó tó mu omi tán.

Méjì ló gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ní eyín funfun àti dúdú, kékeré ni gbogbo rẹ̀, àwọn bọ́tìnnì rọ́bà wẹ́wẹ́ sì wà lókè rẹ̀. Èkejì kò ní eyín rárá. Bọ́tìnnì rọ́bà fífẹ̀ ló kún ojú rẹ̀, ó rí bí ọṣẹ tí wọ́n gé sórí pátákó. Ọwọ́ mi ti nà sí ti àkọ́kọ́ kí n tó rántí ara mi. Mo fi wáyà so wọ́n mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo sì sún sẹ́yìn.

Bọ̀ọ̀dá fi ọ̀tún tẹ ti àkọ́kọ́. Ó dùn. Ọmọkùnrin náà ń yìn ín, ó ní ọwọ́ Mẹ́tìrì kò yí padà. Mo rọra sọ fún un pé bó bá mú èyí, ọ̀tún á kọ orin, kọ̀ǹpútà á fi ti òsì kún un lẹ́yìn náà, òsì lè wà nínú àpò títí ayé, ẹni tó bá sì rí i yóò ní Mẹ́tìrì ti padà sídìí dùùrù. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú. Èmi fúnra mi kò mọ èyí tí mo fẹ́ kó mú.

Ó wá ṣe ohun tí n kò retí. Ó fa òsì yọ nínú àpò lójú ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gbé ọwọ́ náà lé àwọn bọ́tìnnì wẹ́wẹ́: wọ́n le, wọ́n sì kéré jù, ọwọ́ náà bo mẹ́ta pọ̀, kò sí èyí tó dún. Ó yí sí ẹ̀rọ kejì. Ó gbé apá sókè láti èjìká, ó jẹ́ kó já bọ́. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bọ́ sórí bọ́tìnnì fífẹ̀ kan, ó sì dún.

Ó tún un ṣe. Ó tún dún.

Mo sọ fún un pé a lè fi gbogbo ohùn tí ìka òsì máa ń tẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀ sábẹ́ bọ́tìnnì kan, kí ọwọ́ kàn bà lé e. Ó fajú ro.

"Ẹ̀rọ ló ń kọrin nìyẹn. Kì í ṣe èmi."

"Ta ni yóò yan ohùn tó máa wà lábẹ́ rẹ̀?" mo bi í. "Ṣé èmi ni?"

Ó ronú sí i. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, dò, mì, sọ̀, bó ṣe ń pe orúkọ ọmọ ní kíláàsì, èmi sì ń fi wọ́n sí i. Nígbà tí mo bá ṣì í, ó ń bá mi wí. Inú mi dùn sí ìbáwí náà. Ó wá gbìyànjú orin tó ti kọ fún ìdúpẹ́ ìkórè wọn, tí àwọn akọrin ti ń kọ́. Ó ṣì bọ́tìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó tún ṣì í, òógùn bò ó. Nígbà tó yá, ìlà kan jáde ní pípé. Ọmọkùnrin náà béèrè pé èwo ni kí òun dì. Mo pa ẹnu mi mọ́, ó sì ṣòro fún mi.

"Èyí tó ní eyín yóò bò mí," Bọ̀ọ̀dá ní. "Èkejì ni mo lè fi kọrin. Dì í fún mi."

A wọ ọkọ̀ padà sí Kétu. Àwa méjèèjì mọ̀ pé àṣà ilé ń dúró dè é lábẹ́ igi máńgòrò, àti pé ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí ọwọ́ lè sá sí.

Lábẹ́ igi máńgòrò

Wọ́n tètè pé jọ, torí wọ́n fẹ́ rí pátákó mìíràn. Ìyá Àgbà wò ó, ó ní èyí kéré sí ti àná. Mo so wáyà mọ́ ọn lójú gbogbo ayé.

Bọ̀ọ̀dá jókòó. Kò tún apá aṣọ ṣe. Ó fi ọ̀tún gbé òsì jáde, ó gbé e sókè díẹ̀ kí gbogbo wọn lè rí i, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu wọn.

"Ìyá," ó ní, "ọwọ́ yìí kò tíì padà. Torí ẹ̀mí mi ni ẹ ṣe dúpẹ́, ìdúpẹ́ náà kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tíì padà, mo sì pa á mọ́ fún yín."

Ó bẹ̀rẹ̀. Bí ìbẹ̀rẹ̀ ṣe máa ń rí ló rí: ó ṣì í. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin inú akọrin mọ orin náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́ ohùn. Ibi tí èjìká rẹ̀ bá ti pẹ́ kó tó gbéra, wọ́n ń fa ohùn náà gùn dè é. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Orin náà falẹ̀ ju bó ṣe kọ ọ́ lọ, ó sì dé òpin. Bẹ́tì ń sunkún láì bo ojú. Ìyá Àgbà kò wo ẹ̀rọ náà rárá, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dìde, ó fi ìró nu òógùn ojú ọmọ rẹ̀, ó sì padà jókòó.

Ní òwúrọ̀ tí mo ń bọ̀, òun ló kó wàgáṣì àti gàrí fún mi. Ó mú mi dé ìdí àpótí mi nínú yàrá, ó ní kí n gbé pátákó mi. Mo fẹ́ ṣàlàyé, nígbẹ̀yìngbẹ́yín, pé kì í ṣe pátákó. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Mo rí wáyà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ yẹn," ó ní. "Mo sì rí ọwọ́ ọmọ mi. Ó di dandan kí ẹnì kan pariwo, kí ojú wọn lè kúrò lọ́wọ́ ọmọ mi, kó wá sára rẹ."

Ó ní kí n máa lọ kí oòrùn tó mú. Mo gbé pátákó mi, mo sì lọ wá ọkọ̀.